Awò Dára Lórí Ìbọn, Ṣùgbọ́n Kí Ló Dì Í Mú?

Lọ́sẹ̀ yìí, n kò kó ìròyìn olè wá fún yín, bẹ́ẹ̀ ni n kò kó ti ọkọ tó lé ìyàwó jáde wá. Ọ̀rọ̀ ilé tiwa gan-an ni mo gbé wá, Olóòtú sì ti ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi nǹkan bò.

Ọ̀rọ̀ òrùka ni. Kì í ṣe òrùka ìgbéyàwó o! Òrùka irin méjì ni, tí wọn ò tóbi ju ọrùn ìgò lọ, èyí tí wọ́n fi ń de awò mọ́ orí ìbọn. Òrùka yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àbúrò bàbá mi di apànìyàn ní ọjọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, lójú èmi náà báyìí. Èmi ni mo sì fi owó ra òrùka náà.

Bàbá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti pé ẹni ọdún 67. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, àmọ́ ọdẹ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè iye tábìlì tó ti kàn láyé rẹ̀, kò ní mọ̀. Ẹ bi í léèrè ọ̀yà tó pa, á ka oṣù àti ọjọ́ fún yín. Abúlé wa lẹ́yìn Ìlese ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ a sì máa gbé gàrí wá sí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé dàgbà títí mo fi ṣe wáẹ́ẹ̀kì tán. Owó ilé-ìwé gíga kò sí, ni mo bá di ẹni tó ń rin ìròyìn kiri.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, fìtílà kábáàdì ni ó máa ń dè mọ́ iwájú orí bó bá ń lọ sóko ọdẹ lóru. Òórùn kábáàdì yẹn ò tíì kúrò ní imú mi títí di òní. Nígbà tó yá, ó di tọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ ni ó fi ń so tọ́ọ̀ṣì mọ́ abẹ́ ọ̀pá ìbọn, á lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á kó o sábẹ́ ara wọn, ó parí. Rọ́bà yẹn ṣiṣẹ́ fún un ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Bàbá Kékeré dá ọdẹ òru dúró. Ó ní òtútù ti ń mú òun léegun. Ó ta ìbọn ẹlẹ́nu kan tó ń jẹ kátíríìjì fún ọdẹ míì tí ó ní ìwé àṣẹ, ó wá gba láísẹ́ẹ̀sì ìbọn atẹ́gùn, kó lè máa fi lé ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò kúrò nínú oko. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí kòkó pọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní oko mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín pé ìbọn atẹ́gùn kẹ̀, ìbọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ òpònú ni. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ka ìbọn atẹ́gùn mọ́ àwọn tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ẹ̀sì fún, bó ṣe ka ìbọn ẹlẹ́nu kan. Ṣakabùlà náà wà nínú òfin yẹn ní àyè tirẹ̀. Ìbọn ológun ni kò sí fún tèmi tìrẹ rárá. Ọta òjé kékeré tó ń ti ẹnu ìbọn atẹ́gùn jáde, ó lè fọ́ èèyàn lójú, ó lè wọ orí ọmọdé.

Níjọ́ tí ọmọ Bàbá Kékeré àgbà ti London dé wá ṣe Iléyá, tí a jọ lọ wo Ojúde Ọba, ó bá bàbá rẹ̀ nínú oko tó ń tàsé ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Bàbá tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó máa ń yìn! Ọmọ wò ó, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó padà sí London, ó fi páálí kan rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Awò ìbọn ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, ọ̀pá dúdú kan ni, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, ó ní gíláàsì níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ bá gbé ojú sí i, ohun tó jìnnà á súnmọ́ yín, ẹ ó sì rí ìlà méjì tó dábùú ara wọn bí àmì àgbélébùú. Ibi tí ìlà méjì yẹn ti pàdé, ibẹ̀ ni ọta gbọ́dọ̀ bà. Ayé àtijọ́, irin ṣóńṣó kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn àti èyí tó là níwájú ojú ni ọdẹ fi ń fojú sùn. Ojú á wo irin ẹ̀yìn, á wo irin iwájú, á tún wo ẹran, ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú àgbàlagbà kì í lè ṣe é mọ́. Awò sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹyọ kan. Ọmọ yẹn ro bàbá rẹ̀ ire.

Àmọ́ nígbà tí a tú páálí tán, awò wà níbẹ̀, aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń nù ún wà níbẹ̀, ìwé pélébé wà níbẹ̀. Kò sí òrùka. A pe London. Ọmọ ní háà, òun ò mọ̀ pé wọ́n máa ń tà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá Kékeré bá kọjú sí mi.

"Ìwọ akọ̀wé, ṣe bí Èkó niṣẹ́ ń gbé ọ lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bá mi ra òrùka rẹ̀ bọ̀."

Ẹ wá wo ìwà mi o. Èmi tí mò ń bi gómìnà ní ìbéèrè, mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta irú ọjà yìí ní Èkó, ó bi mí pé, "Ìbọn wo?" Mo ní, "Ìbọn ọdẹ ni." Ó ní, "Awò rẹ̀ tóbi tó wo?" Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ṣe róbótó fún un. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mú méjì sílẹ̀, mo san owó, mo fi sápò. Nọ́ńbà kan wà lára wọn, "30". Mo rò pé nọ́ńbà ọjà ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta bàtà ní Òkè-Ajé, bí ẹnì kan bá wá ra bàtà, tí ẹ bi í léèrè pé ẹsẹ̀ ta ni, tó ní ẹsẹ̀ èèyàn ni, kí lẹ máa tà fún un?

A dé ilé, òrùka gba awò náà tán, ó tún kù. Awò ń mì tìtì nínú rẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó. Ìsàlẹ̀ òrùka tó yẹ kó gbá orí ìbọn mú, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù, kò rí nǹkan gbá mú. Ó yẹ kí n sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dá a padà." Ojú tì mí. Bàbá Kékeré náà ò bínú. Ó ní kò sí nǹkan tí káfíńtà ò lè ṣe. Ó gé rọ́bà tíúbù, ó lọ́ ọ mọ́ awò lára kó lè nípọn. Ó gé páànù, ó kì í sí ìsàlẹ̀. Ó fi alánkì yí i títí ọwọ́ fi ń gbọ̀n. Awò jókòó. Ó gbé àgolo mílíìkì sórí òkìtì ọ̀gán, ó yìn ín, àgolo fò sókè. Ó tún yìn ín, ó tún bà. Mo pàtẹ́wọ́. Inú Bàbá dùn débi pé ó ní kí Ìyá lọ se ẹyin fún mi.

Bí Sátidé kejì ṣe kò nìyẹn.

Lẹ́yìn oko kòkó Bàbá Kékeré, abà kan wà tí àwọn obìnrin mẹ́rin ti ń yan gàrí. Ẹ̀yin náà mọ gàrí Ìjẹ̀bú, iná rẹ̀ kì í kú láti òwúrọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan dúró lára igi kòkó, kò ga ju orí èèyàn lọ. Bàbá fara ti igi obì, ó gbé ojú sí awò, ó fojú sùn ún dáadáa, mo rí i pé ó dá èémí dúró. Ó fà á.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ò mira. Ohun tí a gbọ́ ni "kọ̀ọ̀ọ̀!" láti ọ̀nà abà, lẹ́yìn náà igbe obìnrin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe sáré dé ibẹ̀. Ọta ti bá etí agbada tí gàrí wà lórí iná, ó ta kúrò, ó bá igi abà. Obìnrin tó dúró nídìí agbada náà, ìbú ọwọ́ kan ni ọta fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀. Ó ti jókòó sílẹ̀. Igbá tó fi ń yí gàrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gàrí sì ń jóná. Kò sí ẹni tó rántí láti fa iná. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án, dúró síbi tí ọta ti bá igi gan-an, ó ń fi ìka tọ́ ọ wò.

Bàbá Kékeré dé lẹ́yìn mi. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí ó lè bí.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe ìpàdé. Olórí àwọn tó ń yan gàrí, ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ, ló kọ́kọ́ dìde. "Bàbá ọdẹ, ẹ ti ń ṣọdẹ kí n tó wọlé ọkọ ní abúlé yìí. Ẹ ò rí abà ni? Ẹ ò rí èéfín ni? Èéfín tí àwọn tó wà ní títì ń rí!"

Bàbá ní, "N kò rí èéfín."

Gbogbo ilé pariwo. Èmi gan-an, mo rò pé ọyẹ́ ni, torí ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kó san agbada àti gàrí tó jóná, kó sì gbé ìbọn náà fún baálé títí wọ́n á fi rí ojútùú. Ó san án. Nígbà tí a délé, ó ní awò ló purọ́ fún òun, òun ó jù ú sí sàláǹgá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára, torí bí ọta yẹn bá wọ inú obìnrin yẹn, àwa méjèèjì ni à bá jọ pa á.

Tọ́nà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ìbàdàn Gáréèjì níbí. Irin ló ń fi máṣíìnì gbẹ́, àmọ́ òun náà ní ìbọn atẹ́gùn tó gba láísẹ́ẹ̀sì fún. Baálé yọ̀ǹda, èmi àti Bàbá Kékeré gbé ìbọn náà lọ nínú àpò, pẹ̀lú láísẹ́ẹ̀sì. Ọkùnrin yìí ò tíì gbé e sọ́wọ́ tán tó fi bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ abà, ó dákẹ́.

Ó di awò mú, ó fi ọwọ́ kan tì í. Awò sún. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ṣé káfíńtà ni yín?"

"Káfíńtà ni mí."

"Ṣé ẹ máa fi rọ́bà so dúrọ́ọ̀ mọ́ tábìlì?"

Bàbá ò dáhùn. Tọ́nà wá yí orí ìbọn sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé ọ̀nà tóóró méjì tí wọ́n gbẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, gẹ́lẹ́ bí káfíńtà ṣe ń gbẹ́ igi kí dúrọ́ọ̀ lè máa yọ́ wọlé. Mìlímítà 11 ni fífẹ̀ rẹ̀ lára ìbọn atẹ́gùn púpọ̀. Inú ọ̀nà yẹn ni eyín òrùka gbọ́dọ̀ wọ̀, kó gbá a mú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òrùka tí èmi rà, ti ìbọn ńlá ni. Èyí máa ń jókòó sórí irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 21, tó ní ojú kan, àlàfo kan, bí eyín ayùn. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, W. R. Weaver, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú kan. Ìkejì, tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀ ní 1995, ni wọ́n ń pè ní Picatinny. Méjèèjì jọra bí ìbejì, àmọ́ àlàfo wọn ò fẹ̀ bákan náà, òrùka ọ̀kan lè kọ̀ láti wọ èkejì. Ìbọn Bàbá ò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"30" tí mo pè ní nọ́ńbà ọjà ńkọ́? Fífẹ̀ inú òrùka ni, mìlímítà 30. Awò tí ọmọ London rà, íǹsì kan ni ọ̀pá rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 25 àti díẹ̀. Ìwọ̀n méjì yìí ló wọ́pọ̀ jù, ọmọ kékeré tó bá mọ̀ ọ́n kà lè rí i lára páálí. Èmi tí mo fi kíkà jẹun, n kò kà á.

"Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bà," ni Bàbá wí. "Àgolo fò."

"Ó bà, Bàbá. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe." Ó wá ṣàlàyé ohun tí n kò gbọ́ rí. Ìbọn ẹ̀tù, ẹ̀yìn ló máa ń ta sí. Ìbọn atẹ́gùn onísípíríǹgì ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fà á, sípíríǹgì á ju irin ńlá inú rẹ̀ síwájú, ìbọn á ta sẹ́yìn. Kí irin náà tó dúró níwájú, ìbọn á tún jà síwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbọ̀n, kí ojú tó ṣẹ́. Awò tí wọn ò dè dáadáa á máa sún sẹ́yìn lórí rẹ̀, bí ẹrù ẹ̀yìn ọ̀kadà ṣe ń fì sẹ́yìn bí ọlọ́kadà bá já lójijì. Lọ́jọ́ kìíní kò tíì sún. Lọ́jọ́ kejì ó sún bí irun orí. Nígbà tí rọ́bà rẹ̀ sì ti ń rọ̀, tí ń le, awò ń yí ojú sápá kan, Bàbá ò mọ̀.

Mo bi í pé irun orí kẹ̀, ṣé ìyẹn náà jẹ́ nǹkan? Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ṣe ìṣirò sára páànù ṣọ́ọ̀bù. Òrùka iwájú àti ti ẹ̀yìn jìnnà síra ní mìlímítà 100. Bí ọ̀kan bá fi mìlímítà kan péré yà, ní ibi tó jìnnà ní mítà 25, ọta á fi sẹ̀ǹtímítà 25 yà. Ó ju ìka tí a nà tán lọ! Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Mìlímítà kan, ẹ̀yin tẹ́lọ̀, ó kéré sí ìránṣọ kan lẹ́nu abẹ́rẹ́ yín.

Kí n sòótọ́, bí awò tiẹ̀ dára, kò yẹ kí Bàbá yìn ín sí ọ̀nà abà. Ọdẹ tó mọṣẹ́ máa ń wo ẹ̀yìn ẹran kó tó wo ẹran. Tọ́nà sọ ọ́ lójú rẹ̀, Bàbá sì gbà. Ó kàn ń tún un sọ pé, "N kò rí èéfín."

Ẹ̀yìn èyí ni mo padà sí Èkó pẹ̀lú ìwé tí tọ́nà kọ fún mi: íǹsì kan nínú, mìlímítà 11 nísàlẹ̀, gíga ti àárín, kí òrùka ẹ̀yìn ní ìṣó ìdádúró. Ìṣó yẹn ni olórí ọ̀rọ̀ fún ìbọn onísípíríǹgì. Ihò kékeré kan wà lórí ìbọn, a kò mọ ohun tó wà fún, Bàbá tiẹ̀ ti fi òróró dí i. Inú ihò yẹn ni ìṣó máa ń wọ̀, awò ò sì lè sún sẹ́yìn mọ́. Ti gíga ńkọ́? Òrùka kúkurú wà, ti àárín wà, gíga wà. Bí ó bá kúrú jù, ẹnu awò tó fẹ̀ níwájú á fara kan ọ̀pá ìbọn. Bí ó bá ga jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọdẹ ò ní kan igi ìbọn mọ́, á máa na ọrùn bí adìẹ tó ń mu omi. Kí bébà tín-ín-rín kan lè kọjá láàárín awò àti ọ̀pá ìbọn, ó ti tó.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi ọlọ́jà léèrè débi pé ó bi mí bóyá èmi náà ń tà á. Owó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Mo san án láìná an.

Bí tọ́nà ṣe dè é, mo fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ fi pẹtiróòlù nu òróró kúrò nínú ọ̀nà tóóró yẹn, torí irin tó lóróró á yọ̀. Ó gbé ìsàlẹ̀ òrùka sí i, ó rí i pé ìṣó wọ ihò, ó dè é. Ó tẹ́ awò sínú òrùka, ó dé ìdérí lé e, kò sì tíì fún un. Ó ní kí Bàbá gbé ìbọn sí èjìká, kó di ojú, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi, kó wá la ojú. Ó ń ti awò síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, títí Bàbá fi ní òun rí róbótó gíláàsì náà kún. Àlàfo ojú Bàbá sí awò tó ìka mẹ́rin. Ó wá fi okùn bíríkìlà kọ́ òkúta sí ògiri, ó ní kí ìlà òòró inú awò bá okùn yẹn mu, kó má wọ́. Lẹ́yìn náà ló fa àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké, díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, bí fọkanáísà ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ ní ìdábùú, kó má fún apá kan jù. Kò fi agbára fún un rárá. Ọ̀pá awò fẹ́lẹ́, ẹni tó bá fún un jù á fọ́ ọ sínú. Bàbá Kékeré ń wo gbogbo rẹ̀. Ó rọra sọ pé, "Isẹ́ káfíńtà nìyí."

A padà sí abúlé lọ́jọ́ Àìkú, tọ́nà tẹ̀lé wa. A lẹ bébà mọ́ òkìtì ọ̀gán ńlá kan tí kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀ àfi igbó, a wọn ẹsẹ̀ 75, ìyẹn mítà 23 ó dín díẹ̀. A gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn. Tọ́nà ló kọ́kọ́ yìn ín. Ọta márùn-ún wọ ibì kan, bí ojú náírà tí a to jọ, àmọ́ ó wà lápá òsì, nísàlẹ̀. Ó yí kọ́ọ̀bù kékeré orí awò, ó ń dún "tíkí, tíkí". Tíkí 16 ló ń sún ọta ní íǹsì kan ní ọ̀nà jíjìn yìí. Ó tún yìn márùn-ún. Wọ́n bọ́ sí àárín àmì gẹ́lẹ́. Gbogbo wa hó. Àwọn obìnrin gàrí náà ti jáde wá wò, ìyá ẹlẹ́nu mímú wà níwájú, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Ó kan Bàbá Kékeré. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn àpò iyanrìn, ó gbé ojú sí awò. Ó pẹ́ gan-an. Ó gbé orí sókè, ó mú aṣọ pẹlẹbẹ yẹn, ó nu gíláàsì ẹ̀yìn. Ó tún wò ó. Ó tún nù ún.

"Èéfín wà nínú awò yìí," ni ó wí.

Tọ́nà wò ó. Ó ní kò sí. Mo wò ó èmi náà. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí èèrà tó ń rìn lórí bébà. Bàbá tún gba ìbọn. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì bo ojú òsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú ara rẹ̀, ó ń wo ìka rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó ń wo ìka rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíì ni.

Mo wá rántí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdẹ òru tó fi sílẹ̀ nítorí òtútù. Ọ̀kẹ́rẹ́ mẹ́ta tó tàsé lójú ọmọ rẹ̀. Abà tí kò rí. Rọ́bà ló yí ọta kúrò lára ọ̀kẹ́rẹ́, lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìyá ẹlẹ́nu mímú ló bọ́ síwájú. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó kọjú sí oòrùn, ó wo ẹyinjú ọ̀tún rẹ̀ dáadáa. "Bàbá ọdẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "èmi náà ti rí èéfín yẹn rí. Ọdún méjì ni mo fi rí i. Èmi rò pé èéfín gàrí ni."

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní kátáráàtì ni. Ohun mímọ́ gaara tó wà lẹ́yìn dúdú ojú, tó ń ṣiṣẹ́ bíi gíláàsì awò, ló máa ń di fuufuu bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Òun ló ń fọ́ ojú èèyàn jù lọ ní Nàìjíríà. Kò sí oògùn ìkansójú tó ń tú u. Iṣẹ́ abẹ ni: wọ́n á yọ èyí tó ti ṣú, wọ́n á fi ti ike tó mọ́ rọ́pò. Wọ́n ti ṣe é fún ìyá yìí, òun ló sì sọ fún Bàbá pé kó má gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan wọ ojú òun nílé, torí ẹ̀gbọ́n òun gbà bẹ́ẹ̀, ojú náà sì fọ́ pátá.

Lọ́jọ́ Túsìdé, wọ́n jọ lọ sí ọsibítù ojú. Ìyá ẹlẹ́nu mímú yìí ló di ọwọ́ rẹ̀ mú wọ ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ tẹ̀lé wọn, èmi gbé ìwé. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n sì fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí mo ṣe ń kọ èyí. London ti fi owó ránṣẹ́.

Ìbọn náà wà lọ́dọ̀ baálé, awò wà lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó tú òrùka. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí mo bá lọ sílé, Bàbá Kékeré á ní kí n bá òun dé ilé baálé, kí n fi ọwọ́ ti awò yẹn wò, bóyá ó sún.

Kò tíì sún.